MCV 112: Ẹ̀jẹ̀ Màmá ò tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ ò sì ràn án

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ màmá ọkọ mi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́mísìtì, mo ń fún wọn lómi ugu, mo tilẹ̀ rí pòpórò ọkà bàbà rà ní Rye Lane, mo sè é. Oṣù mẹ́ta rèé, pàbó ni. Mo wá wo èsì wọn lórí NHS App: Hb (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) 92, MCV 112. Kí ló ń jẹ́ MCV? Wọ́n tún ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn.

Bàbá Tọ́pẹ́ (Manchester): Ẹ po ọtí dúdú mọ́ mílíìkì fún wọn. Òun ni wọ́n fi tọ́ wa.

Nọ́ọ̀sì (Leeds): Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má pa màmá olómàmá. Ọtí gan-an wà lára ohun tó ń mú MCV ga, kódà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì pé.

Ìyá Ìbejì, MCV ni bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tóbi tó. 80 sí 100 ni ti àgbàlagbà. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹni tó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí ẹ̀wà bá wọ́n, tí ewé sì pọ̀, kékeré-kékeré ni gbogbo ẹ̀ á jáde: àìtó irin nìyẹn, MCV á lọ sílẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ewé bá wọ́n, ńláńlá ni wọ́n á pọ́n ọn, kò sì ní pọ̀. Fítámì B12 àti folate ni ewé yẹn. Láìsí wọn, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun á máa dàgbà, kò ní lè pín bó ṣe yẹ. Irin tí ẹ ń kó fún Màmá, ẹ̀wà lẹ ń dà lé ẹ̀wà.

Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ìyá Ìbejì: Metformin, fún ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ. Àmọ́ ẹran àti ẹja ò wọ́n wọn nílé yìí o!

Nọ́ọ̀sì: Mo fura. Wọ́n lè jẹ odidi màlúù, metformin lè má jẹ́ kí ìfun gba B12 inú rẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 2022, MHRA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn ní UK, ní kí dókítà máa yẹ B12 wò fún ẹni tó ń lò ó tí irú àmì báyìí bá yọ. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ẹ má dá metformin dúró fúnra yín. Ẹ ní kí GP yẹ B12, folate, thyroid (ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn) àti ẹ̀dọ̀ wò.

Ẹ má sì tíì ra folic acid (oògùn folate) fún wọn! Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe lójú ìwé, kí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yẹn máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ bó bá jẹ́ pé B12 ló wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé (Houston): Ti ọmọ mi tó ní fòníkú-fọ̀ladìde náà ga, inú dókítà sì dùn. Hydroxyurea ló ń gbé e sókè. Wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Birmingham): Tèmi 71. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, láìwo ferritin, tó ń fi irin tó wà nípamọ́ nínú ara hàn. Nígbà tí wọ́n wò ó, irin pé. Alpha thalassaemia tí mo jogún ni, àbùdá tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa kéré; ó wọ́pọ̀ láàrin àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ bèèrè ferritin kí ẹ tó gbé irin mì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, èsì ti dé. B12 wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Nítorí ẹsẹ̀ wọn, abẹ́rẹ́ ni: bí wọ́n bá gbà á lónìí, wọ́n á fo ọ̀la, títí ẹsẹ̀ yóò fi sàn dé ibi tó lè sàn dé. Lẹ́yìn náà, oṣù méjì-méjì. Màmá ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ ìdí òun di ajere ni.

Bàbá Tọ́pẹ́: Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi náà lè ní kí wọ́n yẹ MCV mi wò?

Nọ́ọ̀sì: Ó ti wà nínú FBC (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbogbòò) tí wọ́n ṣe fún yín kẹ́yìn. Ẹ ṣí app yín.