Jíà wọlé, wáyà ò gbọ́

Ẹ̀yin ará, lórí ọ̀rọ̀ kéèyàn yọ jíà oní-clutch kó fi àtómátíìkì sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Orúnkún òsì ló dá mi lágara. Abẹ́òkúta yìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́tùn-ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lósì. Kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá ká ẹni tó ń tẹ clutch mọ́ Pánṣẹ́kẹ. Ni mo bá ní kí wọ́n yọ jíà Corolla mi, kí wọ́n fi àtómátíìkì tòkunbọ̀ sí i.

Mẹkáníìkì ṣe tirẹ̀ dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Wáyà ni wàhálà. Nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, sítátà ò dún rárá. Rewire tó wà níbẹ̀ gé wáyà méjì, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi tape dúdú wé e, ọkọ̀ sì dáhùn. Mo sanwó, mo lọ.

Àwa tí a ti wa mọ́tò oní-clutch pẹ́, a máa ń fi jíà sílẹ̀ bí a bá páàkì, kí ọkọ̀ má baà yí. Bí mo ṣe fi D, jíà tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú, sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta nìyẹn. Láàárọ̀, ìyá àwọn ọmọ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ fò síwájú, ó lọ kọlu ògiri. Ọmọ wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Títí di òní, bí mo bá rántí, àyà mi á já.

Bàbá rewire kan ní Kútọ̀ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń fi tẹ́sítà tọ wáyà lọ. "Ọmọ mi, swíìṣì ara jíà yìí ni wọ́n fò." Swíìṣì náà mọ ibi tí ọwọ́ jíà wà. Iná tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ lọ sí sítátà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, P (ti páàkì) àti N (tí jíà kò mú) nìkan ló sì ń jẹ́ kó kọjá. Wáyà iná reverse náà, ibẹ̀ ló ń gbà. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé iná ẹ̀yìn mi kò tàn mọ́ látìgbà náà!

Wọ́n tú tape, wọ́n so wáyà síbi tó yẹ. Wọ́n fi jíà sí N, wọ́n dẹ bóòtù swíìṣì náà, wọ́n rọra ń yí i títí ilà ara rẹ̀ fi bá ojú ihò kékeré inú rẹ̀ mu, kí wọ́n tó dè é padà.

Ó ku ọ̀kan: jíà kò pààrọ̀, ojú kan ló dúró sí, ọkọ̀ ń fà bí ẹni ru sìmẹ́ńtì. Brainbox oní-clutch, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún solenoid inú jíà, àwọn fáàfù oníná tó ń pààrọ̀ jíà, níná. Àfi ká wá ti àtómátíìkì pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lódindi. Ìyẹn dun àpò mi gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ ti ra jíà, brainbox, swíìṣì àti wáyà.

Kí n tó gbé ọkọ̀ lọ, bàbá ní kí n fi jíà sí D, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà dákẹ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.