Memantine àti MK-801: ihò kan náà ni wọ́n ń dí, kí ló dé tí ọ̀kan ṣoṣo fi di oògùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Fámásì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn méjèèjì ló ń dí ihò NMDA tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Kí ló dé tí wọ́n ń kọ memantine fún alárùn Alzheimer, tí MK-801 kò sì kúrò ní láàbù? Ṣebí màgnẹ́síọ̀mù ara wa náà ń dí i?

Onímọ̀ Ọpọlọ: Màgnẹ́síọ̀mù ń dí i lóòótọ́, àmọ́ iná òdì inú sẹ́ẹ̀lì, nǹkan bíi -70 mV, ló ń fà á mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ, ATP, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń lò, á tán, iná yẹn á lọ sílẹ̀, màgnẹ́síọ̀mù á sì já kúrò. Glútámétì, kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó sì ń ṣí ihò náà, á pọ̀ jù níta, kálísíọ̀mù á ya wọlé, á jí calpain, ẹ́ńsáìmù tó ń gé àwọn purotéènì tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró. Ìgbà tá a nílò màgnẹ́síọ̀mù jù gan-an ló ń fi wá sílẹ̀.

Memantine kì í wọlé àfi tí ihò bá ṣí. Bí ihò bá ṣe pẹ́ ní ṣíṣí tó ló ṣe ń rí i dí tó, kò sì ju bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ kó tó jáde. Glútámétì tí ìrántí ń lò kì í pẹ́ tóyẹn, ó ń kọjá wẹ́rẹ́. MK-801 náà ń dúró kí ihò ṣí, ṣùgbọ́n tó bá wọlé, ó lè lé ní wákàtí kan níbẹ̀. Ó ń dí iṣẹ́ gidi pọ̀ mọ́ ewu. Ní 1989, Olney àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ń dá àpò omi sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku.

Ará Láàbù: Ẹ lè rí i lórí patch-clamp, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn iná tó ń gba ihò sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ẹ yọ màgnẹ́síọ̀mù kúrò nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ẹ lo NMDA 100 µM pẹ̀lú glycine 10 µM, àwọn kẹ́míkà méjì tó jọ ń ṣí ihò náà, ní -60 mV, kẹ́ ẹ wá fi memantine 10 µM sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàn án nù, ẹ jẹ́ kí NMDA àti glycine wà nínú omi náà. Omi lásán á jẹ́ kí ihò tì, púpọ̀ nínú oògùn á sì há sínú rẹ̀. Ẹ ó wá rò pé kì í jáde. Bí màgnẹ́síọ̀mù bá sì kù síbẹ̀, agbára memantine á kéré lójú yín.

Fámasísì: Fún aláìsàn, 5 mg lójúmọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi 5 mg kún un lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé 20 mg. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo sodium bicarbonate tàbí acetazolamide, tó máa ń gbé pH ìtọ̀ sókè: tí pH ìtọ̀ bá dé 8, ìjáde rẹ̀ á dín kù ní nǹkan bí 80%, á sì máa ṣù jọ sára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣèlérí fún ẹbí pé ó ń dá àrùn náà dúró. Ó kàn ń dẹ àmì àìsàn lójú díẹ̀ ni.