Tí ọlọ́pàá bá ní kéèyàn ṣí fóònù ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja sí Kábà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá dá mọ́tò wọn dúró, wọ́n ní òun nìkan kó sọ̀kalẹ̀ torí pé ó di irun, kó ṣí fóònù ẹ̀. Ó kàn bi wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo ṣe, ni ọ̀kan bá já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ojú fóònù náà sán, wọ́n wá ń ka ọ̀rọ̀ témi àtiẹ̀ jọ sọ nípa oògùn ìyá wa sókè ketekete. Ọmọ délé kò lè jẹun, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo mọ̀ pé abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, lédè tó gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa ka òfin fẹ́ni tó gbé ìbọn dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó?

Mo ní kó máa fọwọ́ síbi tí wọ́n ti lè rí i, kó má sáré, kó rọra wo orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn. Bàbá wa ní kó kàn máa bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà yẹn, kí lẹ máa ń sọ tí wọn ò fi ní gba fóònù yín, tí kò sì ní dìjà? Ọ̀la ló ń padà o.