Lórí "òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ": àmì ẹ̀yìn ṣíbí fàdákà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí a máa pe gbogbo àmì ẹ̀yìn ṣíbí fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní "òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ" ní Yorùbá, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ kọ́ ló ń jẹ́rìí sí fàdákà ara rẹ̀. Ẹ wo ṣíbí Hester Bateman, opó tó gba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe ní London, tó forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1761. HB nìkan ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò, ìyẹn aláṣẹ tó ń dán fàdákà wò, ló lu kìnnìún tó ń rìn, èyí tó ń sọ pé 925 nínú 1000 jẹ́ fàdákà. Orí àmọ̀tẹ́kùn ń tọ́ka sí London. Ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Lẹ́tà kan dúró fún ọdún. Láti 1784 sí 1890, orí ọba tàbí ọbabìnrin náà wà níbẹ̀, pé wọ́n ti san owó ìjọba. Kì í ṣe owó orí o!

Àbá tèmi: ohun tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi sí i, *àmì*, ohun tí aláṣẹ lù, *òǹtẹ̀*. Kìnnìún, ìdákọ̀ró àti G wà lára ṣíbí Gorham ti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ náà ló sì lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá pè é ní òǹtẹ̀, ẹnìkan á gba Birmingham lọ. EPNS ("electroplated nickel silver") ńkọ́? Lẹ́tà mẹ́rin rèǹtè-rente, fàdákà tí wọ́n fi bo irin mìíràn lásán ni.

"Ọnà" tí wọ́n dábàá fún ìrísí ọwọ́ ṣíbí kò bá a mu. Ọwọ́ ṣíbí onírísí Fiddle sábà máa ń dán lásán, èjìká bíi ti fayolíìnì ló fi dá yàtọ̀. Ẹ má sì pè é ní gòjé, igbá gòjé kò léjìká. Ìrísí tí wọ́n ń pè ní King's ló ní àwòrán ìkarahun. Ẹ jẹ́ kí a lo *bátànì*, bí àwọn aránṣọ ṣe ń pè é. Bátànì nìkan kì í sì í fi oníṣẹ́ hàn: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣe Fiddle, ṣùgbọ́n bátànì Chantilly ti 1895, Gorham ló ni ín.

"Fàdákà pọ́ńbélé" fún stẹ́líǹgì, ìyẹn fàdákà 925 nínú 1000 yẹn? Rárá. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ 75 tó kù, torí fàdákà tí kò lábùlà rọ̀ jù. Ohun tó lábùlà kì í ṣe pọ́ńbélé. Ẹ fi í sílẹ̀ ní fàdákà stẹ́líǹgì.