VUSA àbí VUAG?
Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú àsìkò yìí o. London níbí ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni mo wá ní kí n máa ju £100 sínú ETF lóṣooṣù, nínú ISA (àkáǹtì UK tí wọn kì í gba owó orí lórí èrè inú ẹ̀), kí n má fọwọ́ kàn án fún ọdún 15. Mo ti kà á díẹ̀, ó yé mi pé bí agbọ̀n ló ṣe rí, ṣíà ilé-iṣẹ́ ńlá bíi 500 l'Amẹ́ríkà ló wà nínú èyí tí mo fẹ́ rà. Ibi tó ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé méjì ni Vanguard, ilé-iṣẹ́ tó ni ETF yìí, ní, VUSA ń san èrè síta, VUAG ń dá a padà sínú owó. Ọ̀rẹ́ mi ní VUSA lòun ń rà, ṣùgbọ́n òun náà ò lè ṣàlàyé ìdí ẹ̀! Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ẹ má bínú pó gùn, ẹ ṣé gan-an.