Tacrolimus ti ga jù lára ọkọ mi: kí ni oògùn wárápá wá ṣe níbẹ̀?

Ìyàwó Ilé: Ẹ kú ilé o. Kíndìnrín tí wọ́n fún ọkọ mi lọ́dún 2021 ló ń lò, tacrolimus láàárọ̀, tacrolimus lálẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín náà. Làpálàpá mú un lẹ́yìn, wọ́n ta fluconazole fún un ní kẹ́míìsì. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n débi pé ife tíì ń dà nù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní tacrolimus ti di 31, bẹ́ẹ̀ 5 sí 8 ni dókítà ń fẹ́. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, náà gòkè. Wọ́n dá oògùn méjèèjì dúró, wọ́n wá kọ phenytoin. Oògùn wárápá kẹ̀? Kò ní wárápá rí. Ẹ là mí lóye, àyà mi ń já.

Apòògùn Bódìjà: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Kì í ṣe nítorí wárápá. Èròjà kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ìfun tó ń jẹ́ CYP3A4, òun ló ń fọ́ tacrolimus kí ara tó lè gbé e jáde. Fluconazole dè é lọ́wọ́, ni oògùn bá ń gbára jọ. Phenytoin ní tirẹ̀ máa ń mú kí ara pèsè CYP3A4 púpọ̀ sí i, kí tacrolimus tó ti kún lè tètè lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ò lè bá wa yọ tacrolimus, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló wọ̀ sí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Agbára phenytoin kì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró. Tacrolimus lè wá kéré jù, kí ara gbógun ti kíndìnrín náà. Tí wọ́n bá ti dá tacrolimus padà, ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò kankan fò yín, àárọ̀ ni kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀, kó tó lo tòwúrọ̀.

Baba Ìbejì: Èmi náà ń lo tacrolimus. Clarithromycin ló ṣe tèmi bẹ́ẹ̀. Erythromycin, ketoconazole, Paxlovid (oògùn Kòrónà), omi èso grapefruit, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo kọ orúkọ wọn sínú páálí, ó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi. Kẹ́míìsì tí kò bá kà á, n kì í ra nǹkan níbẹ̀.

Ìyàwó Ilé: Ẹ ṣé gan-an. Agbo ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ti se ìkòkò kan sílẹ̀.

Apòògùn Bódìjà: Ẹ bá mi bẹ Mama, ma. A ò mọ ewé tó lè gbé tacrolimus sókè, a ò mọ èyí tó lè fà á wálẹ̀. Kó má fẹnu kàn án rárá.