Ute kan ṣoṣo, iye mẹ́ta: kí ló ń gbé owó hard lid sókè?

Ìyá Ìbejì, Perth
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ute, ọkọ̀ pick-up tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Australia níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Toyota HiLux SR5 la ní, dual cab (onílẹ̀kùn mẹ́rin), ọdún 2019, funfun ni. Bàbá Ìbejì ń fi ṣiṣẹ́ táìlì láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ń fi kó ọjà ṣọ́ọ̀bù: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, epo pupa. Ìbora rírọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fàya, òjò sì ti ba ọjà mi jẹ́. A fẹ́ fi hard lid, ìdérí líle tó ń bo ẹ̀yìn ọkọ̀, sí i. Ibì kan pè é ní $1,450, ibòmíràn ní $2,050, àwọn dílà ní ká mú ohun tó lé ní $2,600 wá. Ọkọ̀ kan náà ni mo ṣàlàyé fún gbogbo wọn o! Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni, àbí ọjà náà ló yàtọ̀?

Bàbá Tólú, Melbourne
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó náà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, ibi tí wọ́n ti ń de nǹkan mọ́ ute ni mo ti ń jẹun. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ó jọ pé ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pè fún yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iye lid fúnra rẹ̀, iye ọ̀dà, iye kọ́kọ́rọ́, owó ẹrù, owó iṣẹ́, àti bóyá GST, owó orí ọjà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú rẹ̀. Ibi tí owó náà ti yapa á hàn sí yín kedere.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni ká kọ́kọ́ wò. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ABS, ike líle nìyẹn. Fàíbà wà, òun wúwo díẹ̀, àmọ́ tó bá sán, ó ṣeé tún ṣe. Alumíníọ̀mù náà wà, òun ni ẹni tó bá fẹ́ di ẹrù sórí lid máa ń wá, owó rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n ABS kan ju ABS kan lọ o. Àwọn kan jẹ́ awẹ́ ike kan ṣoṣo, àwọn mìíràn jẹ́ awẹ́ méjì tí wọ́n fi férémù sí láàárín. Tí ẹ bá dé ilé ìtajà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Tó bá ń tẹ̀ wọlẹ̀ tó sì ń rú padà, ẹ fi í sílẹ̀. Oòrùn Perth kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ irú ike bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà. Lid dúdú tí wọn ò kùn dínwó ju èyí tí wọ́n kùn bá ara ọkọ̀ mu. Ẹ̀yin ti ríre, nítorí pé funfun ló pọ̀ jù lára HiLux, àwọn tó ń tà á sì sábà máa ń ní èyí tí wọ́n ti kùn tẹ́lẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo àwo kékeré tí Toyota kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN) sí, kì í ṣe pléètì nọ́ńbà o, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ C/TR sí: nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀ ni ti àwọ̀. Tó bá jẹ́ 040, funfun lásán nìyẹn, ó rọrùn. Tó bá jẹ́ funfun tó ń dán bí péálì, ìpele ọ̀dà rẹ̀ pọ̀ ju ti funfun lásán, owó rẹ̀ náà á sì yàtọ̀. Ẹ má fẹnu lásán sọ pé "funfun" fún wọn, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, ìrísí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín gan-an. SR5 máa ń ní sports bar, irin tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn orí ọkọ̀ yẹn. Lid tí wọ́n gé fún ọkọ̀ tó ní irin yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀ tí kò ní. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pe $1,450 máa sọ ti ọkọ̀ tí kò ní irin, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé ni wọ́n á wá sọ pé ẹ tú irin yín, tàbí kí ẹ fowó kún un. Bákan náà, HiLux tó jáde láti 2015 ní oríṣi ẹ̀yìn méjì níbí, A-deck àti J-deck, lid ọ̀kan kì í bá èkejì mu. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, àti láti inú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí wọ́n tó pe owó. Extra cab, èyí tí ibi ìjókòó rẹ̀ kúrú, ni ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ti dual cab lọ, ìyẹn kò kàn yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka èyí kó fi sọ́kàn pé ike tó gùn, owó tó gùn ni.

Kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọkùnrin kan gbé ute rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, oníṣẹ́ iná ni. Lid rẹ̀ dá ṣáká, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títì. Àpótí irinṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí, nítorí kò bá àwọn ìlẹ̀kùn yòókù tì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ central locking, èyí tó ń ti gbogbo ìlẹ̀kùn ọkọ̀ pa pọ̀, kò wọ́n tó lid rárá, síbẹ̀ òun làwọn èèyàn máa ń yọ kúrò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dín owó kù. Ẹ dán tiyín wò báyìí: ẹ fi rìmóòtù ti ọkọ̀, kí ẹ wá fa ọwọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tó bá ṣí, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín kí ẹ tó ronú nípa ohunkóhun mìíràn. Bí lid fúnra rẹ̀ náà bá ń tì pẹ̀lú rìmóòtù, wáyà wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ń fowó kún un.

Ìyá Ìbejì, Perth
Háà! Bàbá Tólú, ẹ ṣeun gan-an ni sà. Mo ti lọ fà á báyìí, ó ṣí o! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ti dílà fi ga tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Tólú, Melbourne
Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wà lára tiwọn, wáráńtì rẹ̀ sì sábà máa ń bá ti ọkọ̀ rìn tí ẹ bá rà á pa pọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun. Fún ọkọ̀ 2019, mi ò rí ohun tí ẹ fẹ́ san owó yẹn fún. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lid fún ara wọn náà ń fúnni ní wáráńtì, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Australia sì de gbogbo wọn, dílà tàbí ẹlòmíràn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Kalgoorlie
Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó ẹrù kún un, torí àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn ló ń jẹ níyà jù. Lid kì í wúwo púpọ̀, ààyè ló ń gbà. Àwọn tó ń gbé ẹrù kì í wo ìwúwo nìkan, wọ́n ń wo fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Láti Melbourne dé Perth lé ní 3,000 kìlómítà lójú títì, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n pè jẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé tàbí dé dípò (depot), ibi tí àwọn tó ń gbé ẹrù ń kó o sí. Wọ́n ní kí tèmi dúró ní dípò, nítorí pé kò sí forklift nílé mi. Ìyẹn ló sì dínwó. A lọ gbé e pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan.

Ẹ má fọwọ́ síwèé kí ẹ tó tú páálí náà wò o. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ló máa ń sán. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé ó dé ní pípé, àríyànjiyàn ló kù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Brisbane
Màmá Ìbejì, ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti wo Marketplace àti Gumtree, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lórí ayélujára? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fẹ́ gbé canopy, ìbora gíga bí àpótí, sẹ́yìn ọkọ̀ wọn máa ń tú lid sílẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó tètè kúrò ní gáréèjì wọn. Owó rẹ̀ lè dín ju ìdajì tuntun lọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti HiLux irú tiyín gan-an, pẹ̀lú sports bar, pẹ̀lú àwọ̀ yín. Kí gbogbo kílám̀pù rẹ̀, irin tó ń dì í mọ́ ara ọkọ̀, pé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pá gáàsì tó ń gbé e sókè kò ṣòroó rà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹ máa torí rẹ̀ sá fún un. Èèyàn méjì ló máa gbé e, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì dá gbé e mà.

Ìyá Ìbejì, Perth
Ọmọ mi, o ṣeun, wàá pẹ́ fún wa. Ṣé ẹ rò pé kí n tiẹ̀ kọjú sí roller, ìbora tó ń ká, dípò lid? Aládùúgbò wa kan ní ọ̀kan tó ń fi bọ́tìnì ṣí.

Bàbá Tólú, Melbourne
Ó dára, àmọ́ owó rẹ̀ ga, pàápàá èyí tó ń lo iná. Òun àti àpótí tó ń ká sí jọ ń gba ààyè níwájú inú ẹ̀yìn ọkọ̀, páìpù tó ń dá omi sílẹ̀ sì wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa fọ̀, torí tí ìdọ̀tí bá dí i, inú ọkọ̀ ni omi á dà sí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé tí ẹrù bá ga, ẹ kàn ká a sínú àpótí rẹ̀ ni. Lid kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó bá ga ju ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ kò lè wà lábẹ́ rẹ̀ ní pípadé. Fíríìjì kò ní wọlé. Ẹ bi Bàbá Ìbejì bí ẹ̀rọ tó fi ń gé táìlì ṣe ga tó. Tó bá jẹ́ èyí tó lẹ́sẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.

Ní ti òjò, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí omi kò ní wọ̀ rárá. Ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni omi àti eruku ń gbà wọlé jù. Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń de lid. Oúnjẹ, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníderí ló yẹ kó ṣì wà.

Aṣírò Owó, Adelaide
Ìyá Ìbejì, tí Bàbá Ìbejì bá ní ABN, nọ́ńbà tí ìjọba ń fún oníṣẹ́ ajé, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún GST, wọ́n lè gba GST orí lid náà padà ní ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ sí. Kí wọ́n kọ invoice náà sí orúkọ iṣẹ́ wọn, kí ABN ẹni tó tà á sì hàn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tú lid tirẹ̀ tà lórí Marketplace kò lè fún yín ní irú invoice bẹ́ẹ̀, ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ohun kejì, ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti fi lid sí ọkọ̀. Ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san án.

Ìyá Ìbejì, Perth
Olúwa á bù kún gbogbo yín. Ẹni tó pe $1,450 ti dáhùn: dúdú tí wọn ò kùn ni, ti ọkọ̀ tí kò ní sports bar, àwa la sì máa dè é fúnra wa. $2,050 ni wọ́n ti kùn, ti ọkọ̀ tó ní irin ni, wọ́n á sì dè é fún wa. Tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn àti rọ́bà kún un, mo rò pé tiwọn la máa mú. Bàbá Tólú, ṣé kí n béèrè bóyá wọ́n á lu ihò sára ọkọ̀?

Bàbá Tólú, Melbourne
Ẹ béèrè o. Èyí tó ń lo kílám̀pù ni kí ẹ gbà. Ihò tí wọn ò bá fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà pa lẹ́nu á dípẹtà. Ẹ padà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tún kílám̀pù náà fún mọ́lẹ̀, torí ó máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n díẹ̀. Kí Bàbá Ìbejì àti ẹnikẹ́ni tó bá ń wa ọkọ̀ náà sì mọ̀ pé lid ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ń tì í, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, lid ló ń kẹ́yìn. Tí wọ́n bá yí i padà, etí lid ni ìlẹ̀kùn á gbá.